Ọ̀sẹ̀ Mọ́kànlá Tí A Kò Fi Túfọ̀ Màámi

Iṣẹ́ ìwé ni mò ń ṣe ní Agbowó. Kì í ṣe ìwé kíkà o, ìwé títẹ̀ ni. Ṣọ́ọ̀bù mi kò jìnnà sí géètì yunifásítì. Mo máa ń bá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ tẹ iṣẹ́ wọn, mo máa ń ṣe fọ́tòkọ́pì, mo sì máa ń bá àwọn tó fẹ́ rìnrìn àjò kún fọ́ọ̀mù físà lórí kọ̀ǹpútà. Ẹni tó bá lọ kọ ọjọ́ ìbí síbi tí wọ́n ní kó kọ àdírẹ́sì sí, yóò gbọ́ nǹkan lẹ́nu mi. Àwọn ọmọ Agbowó ń pè mí ní Àǹtí Oníbínú. Mo mọ̀, ẹ̀yìn mi ni wọ́n ti ń pè é. Ìyẹn ò dùn mí. Ohun tó ń dùn mí ni pé èmi tí n kì í gba irọ́ lẹ́nu ọmọ ọlọ́mọ, èmi náà ni mo jókòó tí mo fi ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá pa irọ́ fún àbúrò mi.

Àwa méjì péré ni Màámi bí. Èmi ni àgbà, ọkùnrin ni ìkejì mi, ọdún mẹ́fà ni mo sì fi jù ú lọ. Kò tíì pé ọmọ ọgbọ̀n ọdún tó fi kọrí sí Ítálì. Ó já tòmátì lóko olóko níbẹ̀, ó fọ abọ́ nílé oúnjẹ, ojú ẹ̀ rí màbo kí wọ́n tó fún un ní páṣípọ́ọ̀tù ìlú náà. Nígbà tí iṣẹ́ ò sí níbẹ̀ mọ́, ó palẹ̀ ẹrù mọ́, ó di Lọ́ńdọ̀nù. Nígbà yẹn, ẹni tó bá ti ní ìwé Ítálì lè wọ ìlú Ọba kó máa gbé, kó máa ṣiṣẹ́, kò sẹ́ni tó máa bi í pé kí ló wá ṣe. Inú ẹgbẹ́ kan náà ni ìlú méjèèjì wà, wọ́n jọ ń ṣe káràkátà, ọjà wọn kì í san owó ibodè, èèyàn wọn kì í tọrọ àyè. Ilé ìtọ́jú àwọn arúgbó ni àbúrò mi ti rí iṣẹ́. Ó ń wẹ̀ wọ́n, ó ń fún wọn lóńjẹ, ó ń bá wọn ge èékánná. Ó máa ń sọ fún mi pé, "Àǹtí mi, ìyá oníyàá ni mò ń tọ́jú, Ọlọ́run á bá mi tọ́jú tèmi." Mo máa ń ṣe àmín.

Nígbà tó yá, a gbọ́ pé ìlú Ọba fẹ́ jáde nínú ẹgbẹ́ náà. Ọjọ́ tí wọ́n jáde gan-an, èmi àti Màámi jọ ń wò ó lórí tẹlifíṣọ̀n ní pálọ̀ mi ní Bódìjà, torí ọ̀dọ̀ èmi àtàwọn ọmọ mi ni wọ́n ń gbé látìgbà tí bàbá wa ti kú. Àwọn òyìnbó kan ń jó, wọ́n ń mi àsíá. Àwọn mìíràn ń sunkún. Tíṣà tó ti fẹ̀yìn tì ni Màámi, ìbéèrè kì í tán lẹ́nu wọn.

"Ṣé wọ́n jáde ni, àbí wọ́n lé wọn?"

"Wọ́n jáde fúnra wọn ni, Màámi."

"Họ́wù! Ta ló ṣẹ̀ wọ́n?"

Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, "Wọ́n ní àlejò ti pọ̀ jù nílé àwọn."

Màámi ò bá mi rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní, "Ọmọ mi ńkọ́? Ṣebí àlejò lòun náà."

Ibẹ̀ gan-an lọ̀rọ̀ wà. Ìjọba ibẹ̀ ní kí gbogbo àwọn tó fi ìwé ìlú mìíràn nínú ẹgbẹ́ wọlé tẹ́lẹ̀ wá tọrọ ìwé tuntun. Wọ́n ní kí kálukú fi hàn pé òun ti gbé ibẹ̀ fún ọdún márùn-ún, láìkúrò ńbẹ̀ lọ sí ibòmíràn pẹ́ títí. Ẹni tó bá fi ìlú sílẹ̀ ju oṣù mẹ́fà lọ, kó lọ bẹ̀rẹ̀ láti òdo. Iṣẹ́ ọwọ́ mi nìyẹn, ẹnikẹ́ni ò lè fi ìwé kíkún ṣe èmi. Àbúrò mi ń ya fọ́tò gbogbo ìwé tó ní ránṣẹ́ sí mi, ìwé owó oṣù, ìwé iná, ìwé ilé. Mo tò wọ́n tẹ̀léra wọn, mo kún fọ́ọ̀mù náà láti Agbowó, mo bú u torí pé ó sọ ìwé ọdún kan nù, ó tọrọ àforíjì, ó wá a rí. Nígbà tí mo fi gbogbo ẹ̀ ránṣẹ́ tán, wọ́n dá a lóhùn pé kó máa dúró.

Ẹnu ìdúró yẹn la wà tí Kòrónà fi dé.

Ẹ̀yin náà rántí. Wọ́n ti yunifásítì pa, Agbowó dá wáí. Mo máa ń jókòó sí ṣọ́ọ̀bù láàárín wákàtí tí wọ́n bá yọ̀ǹda, n kì í rí ju ẹni kan tó fẹ́ ṣe fọ́tòkọ́pì lọ. Ìbòmú bò wá lẹ́nu, a ò dá ara wa mọ̀ mọ́. Ní Lọ́ńdọ̀nù, àwọn arúgbó àbúrò mi ń kú. Tó bá pè, ohùn ẹ̀ á ti há.

Màámi ní ikọ́ fée láti kékeré. Wọ́n ń ṣọ́ ọ, wọ́n ń lo oògùn tí wọ́n ń fà símú. Ṣùgbọ́n ọdún yẹn, eruku ọyẹ́ ò tètè lọ, oògùn náà sì ṣọ̀wọ́n. Lọ́jọ́ kan, àbúrò mi pè, ó gbọ́ bí Màámi ṣe ń húkọ́ lẹ́yìn mi. Ó ní, "Àǹtí mi, mò ń bọ̀. Wọn ò tíì ti pápá ọkọ̀ òfuurufú. Mo lè dé lọ́túnla."

Mo pariwo mọ́ ọn. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí. Mo ní, "Jókòó síbẹ̀ jẹ́jẹ́! Tí o bá wá, tí wọ́n bá ti pápá mọ́ ẹ síbí, tí oṣù mẹ́fà kọjá lórí ẹ ńkọ́? Gbogbo ọdún tí o fi fọ ìdí arúgbó, ṣé kó lọ bẹ́ẹ̀ ni? Ikọ́ lásán ni. Mo wà ńbí, àbí èmi kì í ṣe ọmọ wọn ni?"

Ó ní, "Kò burú, mà."

Mo gbé fóònù sílẹ̀. Màámi wà lórí àga lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, wọ́n ti gbọ́ gbogbo ẹ̀. Wọ́n ní, "Ì bá wá." Wọn ò sọ ọ́ sókè, wọn ò sì tún un sọ. Mo ṣe bíi pé n kò gbọ́, mo lọ síta lọ ká aṣọ. Kò pé ọ̀sẹ̀ kan sígbà náà tí wọ́n ti pápá.

Àárọ̀ ọjọ́ kan nígbà òjò ni èémí Màámi ò dé ibi tó yẹ kó dé mọ́. Mo gbé wọn sínú ọkọ̀. Ilé ìwòsàn àkọ́kọ́ gbọ́ ikọ́ wọn, nọ́ọ̀sì tó wà lẹ́nu ọ̀nà sún sẹ́yìn, ó ní ká lọ gba ìwé àyẹ̀wò Kòrónà wá. Ìkejì ò tiẹ̀ ṣí géètì. Mo bú wọn, mo bẹ̀ wọ́n, mo tún bú wọn. Inú ọkọ̀ ni Màámi ti ń fi ọwọ́ fà mí láṣọ pé kí n yé pariwo. Kílíníìkì kékeré kan lágbègbè Ring Road ló gbà wá. Dókítà ọkùnrin ibẹ̀ ti dàgbà, ó fi ọ́síjìn sí wọn nímú, ó sọ fún mi pé èyí tó kù nínú àgbá ẹ̀ ò pọ̀, àti pé òun ń wá òmíràn.

Ọjọ́ kejì, ní nǹkan bí aago mẹ́wàá àárọ̀, Màámi lajú. Wọ́n ní, "Ṣé ó ti rí ìwé ẹ̀ gbà?"

Mo ní, "Ó ti rí i gbà, Màámi." Irọ́ àkọ́kọ́ nìyẹn.

Wọ́n ní, "Kó máa bọ̀ nígbà náà."

Wọn ò sọ̀rọ̀ mọ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kí oòrùn tó dé àtàrí, Màámi ti lọ. Yéè, ìyá mi. Ẹni tó kọ́ mi ní lẹ́tà àkọ́kọ́ tí mo kọ láyé. Àyẹ̀wò tí wọ́n ṣe lẹ́yìn náà fi hàn pé kì í ṣe Kòrónà rárá. Ikọ́ fée náà ni, ikọ́ tí gbogbo wa mọ̀.

Ìsìnkú ò gba ọjọ́ mẹ́ta. Wọn ò jẹ́ ká pọ̀. Wòlíì ìjọ wa gbàdúrà láti ọ̀ọ́kán, nínú sùtánà tí òjò ti rin. Nígbà tó kan àwọn ọmọ láti bu iyẹ̀pẹ̀ sórí pósí, mo bu tèmi. Wọ́n ní ọkùnrin dà? Mo tún bẹ̀rẹ̀, mo bu tàbúrò mi.

Lọ́jọ́ yẹn gan-an la ṣèpàdé ní pálọ̀ mi. Dádì Challenge ló jókòó sáàárín. Àbúrò Màámi ọkùnrin ni wọ́n, Challenge ni wọ́n ń gbé, a ò mọ orúkọ mìíràn tí a lè pè wọ́n ju bẹ́ẹ̀ lọ. Àwọn ni àgbà ìdílé báyìí. Mo ní kí wọ́n jẹ́ kí n pe àbúrò mi. Wọ́n gbé ọwọ́ sókè.

"Lórí fóònù kẹ̀? A kì í túfọ̀ fún ẹni tó dá wà lórí fóònù. Ṣé o ti gbàgbé ti bàbá yín ni?"

N kò gbàgbé. Nígbà tí bàbá wa kú, ìbátan kan tí ẹnu ẹ̀ ò dúró fóònù sí àbúrò mi ní Ítálì. Orí kẹ̀kẹ́ ló wà lójú títì. Ó ṣubú, apá ẹ̀ kán, ó sùn sí ọsibítù fún ọjọ́ mẹ́jọ, ó sì ń sunkún fún àwọn tí kò gbọ́ èdè ẹ̀. Látìgbà náà ni Màámi fúnra wọn ti sọ pé tí nǹkan bá ṣẹlẹ̀ sáwọn, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fi fóònù sọ fọ́mọ àwọn. Bó sì ṣe yẹ kó rí náà nìyẹn. Èèyàn méjì tó tójú bọ́ ni yóò lọ bá a nílé láàárọ̀, wọ́n á ní kó jókòó, wọ́n á rí i pé ó ti fi nǹkan sẹ́nu, wọ́n á bá a sọ̀rọ̀ ayé yìí díẹ̀, kí wọ́n tó là á fún un. Tó bá fẹ́ ṣubú, ọwọ́ á wà nílẹ̀ tí yóò mú un.

Dádì Challenge pe alàgbà kan nínú ìjọ tí àbúrò mi ń lọ ní Lọ́ńdọ̀nù. Ìyàwó alàgbà ló gbé e. Ó ní ọkọ òun wà ní ọsibítù, kò lè mí dáadáa. Ó tún sọ pé ìjọba àwọn ti ní kí ẹnikẹ́ni má wọ ilé ẹlòmíràn, pé ẹni tí wọ́n bá rán lọ kò ní lè kọjá ẹnu ọ̀nà. Ta la ó wá rán? Kí ẹni náà dúró síta, kó fi ìbòmú bo ẹnu, kó máa ti ọ̀nà jíjìn pariwo ikú ìyá ẹni?

Dádì Challenge yọ gíláàsì ojú wọn, wọ́n nù ún. Wọ́n ní, "Ẹ jẹ́ ká mú sùúrù. Bí a bá ń sunkún, a máa ń ríran. Tí ọmọ yẹn bá gbọ́, yóò fi gbogbo nǹkan sílẹ̀, yóò wá ọ̀nàkọnà dé ibí. Ìwé tí kò tíì gbà yẹn á bọ́. Màámi yín ti lọ, wọn ò ní padà. Kó gba ìwé ẹ̀ ná. Nígbà náà, alàgbà á ti gbádùn, a ó sọ fún un bó ṣe yẹ."

Mo gbà. Kò sẹ́ni tó fi ìbọn tì mí, èmi ni mo gbà. Mo tiẹ̀ rò pé ọgbọ́n ni.

Bí mo ṣe di ẹni tó ń tọ́jú fóònù Màámi nìyẹn. Gbogbo Ọjọ́ Ìsinmi ni àbúrò mi máa ń pè. Mo ní Màámi ń sùn. Mo ní dókítà ní kí wọ́n má sọ̀rọ̀ púpọ̀ nítorí èémí. Mo ní fóònù wọn ò gbé ohùn jáde mọ́. Nígbà tó yá, ó bẹ̀rẹ̀ sí í gba ohùn ara ẹ̀ sílẹ̀, ó ń fi ránṣẹ́ sórí fóònù Màámi, pé kí wọ́n máa gbọ́ ọ tí ara bá rọ̀ wọ́n. Mo ní láti ṣí i, torí fóònù máa ń fi han ẹni tó fi nǹkan ránṣẹ́ bóyá wọ́n ti gbọ́ ọ. Mo máa ń jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé, màá fi í sétí. "Màámi, òjò ń rọ̀ níbí. Màámi, arúgbó kan ń pè mí lórúkọ ọmọ ẹ̀, mo sì ń dá a lóhùn. Màámi, mo se ẹ̀bà lónìí, ó dì." Ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin kì í bá àǹtí ẹ̀ sọ ni. Ó dà bíi pé mò ń jí nǹkan wò.

Àwọn àgbà ní bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo lòótọ́ máa bá a. Tèmi ò lọ jìnnà, ṣùgbọ́n ó wúwo. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í bú gbogbo èèyàn ní Agbowó. Mo bú ẹni tó mú náírà tó ti ya wá. Mo bú ẹ̀rọ fọ́tòkọ́pì.

Lọ́sẹ̀ kẹfà, àbúrò mi sọ fún mi pé òun ti bẹ̀rẹ̀ ààwẹ̀. Ọjọ́ mọ́kànlélógún ló fẹ́ gbà á, láti àárọ̀ di aago mẹ́ta ọ̀sán, fún ìlera Màámi. Tòun ti iṣẹ́ tó fi ń gbé arúgbó sókè sódò. Mo ní, "Má ṣe é tó bẹ́ẹ̀, iṣẹ́ ẹ le." Ó ní, "Ta ni mo wá fẹ́ ṣe é fún, Àǹtí mi?" Kí lẹ fẹ́ kí n sọ? Nínú ìjọ Aládùúrà tiwa, a kì í gbààwẹ̀ ìwòsàn fún òkú. Mo mọ̀ ọ́n, ó mọ̀ ọ́n, èmi nìkan ló sì mọ̀ pé ohun tó ń ṣe nìyẹn.

Ó parí ààwẹ̀ ní ọ̀sẹ̀ ọjọ́ ìbí ẹ̀. Ó ní òun ò fẹ́ ẹ̀bùn kankan, kí Màámi ṣáà gbàdúrà fún òun, ìbáà jẹ́ gbólóhùn kan. Ó bẹ̀ mí. Ohùn Màámi ti ọdún tó ṣáájú wà lórí fóònù wọn, àdúrà ọjọ́ ìbí ẹ̀ náà ni. Tí mo bá fi èyí ránṣẹ́ bó ṣe wà, fóònù á kọ ọ́ sára ẹ̀, yóò mọ̀ pé ti àtijọ́ ni. Mo gbé fóònù méjèèjì kọjú síra, mo tan ọ̀kan, mo fi ìkejì gba ohùn náà sílẹ̀ lọ́tun. "Ọmọ mi, ọjọ́ rẹ á dalẹ́. Ọmọ mi, o ò ní fi ẹsẹ̀ kọ." Mo fi ránṣẹ́.

Ó pè mí lójú ẹsẹ̀, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. "Àǹtí mi, ohùn wọn já gaara! Ọlọ́run gbọ́ ààwẹ̀ mi!"

Mo ní, "A dúpẹ́." Mo lọ sí balùwẹ̀, mo jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ méjì lẹ́yìn náà, lọ́sàn-án gangan, mo wà ní ṣọ́ọ̀bù, ó pè. Ohun tí èmi àti àbúrò mi ti jọ sọ ni pé tí ìwé bá ti jáde, kó kọ́kọ́ sọ fún mi. Àdéhùn tèmi àti ti Dádì Challenge ni pé kí n ta wọ́n lólobó, kí wọ́n pe alàgbà tó ti kúrò ní ọsibítù báyìí, kí alàgbà múra. Ṣùgbọ́n ayọ̀ ò jẹ́ kí àbúrò mi rántí àdéhùn kankan.

"Àǹtí mi, ẹ sáré lọ sílé, ẹ gbé fóònù fún Màámi. N ò ní sọ ọ́ fún yín. Etí wọn ni mo fẹ́ kó kọ́kọ́ dé."

Mo mọ ohun tó jẹ́. Mo lè purọ́ sí i lọ́jọ́ yẹn náà, irọ́ wà lẹ́nu mi. Ẹnu ló rẹ̀ mí. Mo ní, "Ṣé o jókòó?"

Kò sí ọmọ Yorùbá tí wọ́n máa bi léèrè pé ṣé ó jókòó tí kò ní mọ̀. Mo ń gbọ́ ọkọ̀ tó ń kọjá lọ́dọ̀ ẹ̀. Mo ní, "Ta ló wà pẹ̀lú ẹ?"

"Èmi nìkan ni. Àǹtí mi, ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ ọ́."

Mo sọ ọ́.

Ó ní, "Ìgbà wo?" Mo ní ọ̀sẹ̀ mọ́kànlá ti kọjá. Mo ń gbọ́ bó ṣe ń kà á sẹ́yìn. Ó ní, "Ààwẹ̀ mi ńkọ́?" Ó ní, "Ẹ mọ̀ pé mò ń gbà á." Mo ní, "Mo mọ̀." Kò bi mí nípa ohùn ọjọ́ ìbí. Mo rò pé kò fẹ́ gbọ́ èsì ẹ̀. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé, Dádì Challenge, alàgbà, ìwé, kẹ̀kẹ́ tó gbé e ṣubú ní Ítálì. Ó jẹ́ kí n sọ gbogbo ẹ̀ tán. Kò pariwo mọ́ mi rárá, ì bá sàn kó pariwo.

Ó ní, "Àǹtí mi, látìgbà tí àìsàn yìí ti dé, tí arúgbó kan bá kú níbi iṣẹ́ wa, èmi ni wọ́n máa ń ní kí n pe ọmọ ẹ̀. Wọ́n ní ohùn mi rọ̀. Orí fóònù náà ni mo ti ń sọ fún wọn. Kò sẹ́ni tó ń bá wọn jókòó. Tí wọ́n bá ń sunkún, n kì í gbé e sílẹ̀, mo máa ń dúró tì wọ́n títí wọ́n á fi sunkún tán. Kò sí ọ̀kan nínú wọn tí mo jẹ́ kó di ọjọ́ kejì."

Mo ní kó má bínú. Ó ní òun ò bínú, mà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun lọ, wọ́n ń retí òun níbi iṣẹ́.

Wọ́n ti ṣí pápá ọkọ̀ òfuurufú tipẹ́. Ìwé tí a torí ẹ̀ ṣe gbogbo èyí wà lọ́wọ́ ẹ̀, ó lè wá kó sì padà nígbàkígbà tó bá wù ú. Kò tíì wá. Ó máa ń pè mí, ó máa ń kí mi dáadáa, ó máa ń béèrè àwọn ọmọ mi lọ́kọ̀ọ̀kan, ó tiẹ̀ máa ń bi mí bóyá iṣẹ́ ti ń lọ ní Agbowó. Títí di òní, kò tíì bi mí níbi tí a sin Màámi sí.